Òwúrọ̀ Tí Àlejò Dùbúlẹ̀

Àlejò dùbúlẹ̀ sínú ìrì, ó yí orí sẹ́yìn, ó ń wo ikùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é láti inú ibẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó fi pátákò ẹ̀yìn ta ikùn náà, ó tún ta á. Kòkànmí, ajá dúdú tí kì í gbó bí kò bá nídìí, dúró tì í, ó ń gbó bí ẹni tó fẹ́ pe ìlú jọ.

Gbígbó ajá yìí ló mú Màmá Kọ́ládé jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ejò ló rò pé ajá rí. Nígbà tó rí ẹṣin nílẹ̀, tí òógùn bo ọrùn rẹ̀ nínú òtútù àárọ̀, abẹ̀bẹ̀ já bọ́.

"Yéè, mo gbé!" ni ó kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, nítorí ẹnu yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Ẹnu rẹ̀ ni o. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹṣin yìí na ọrùn gbọọrọ dé ibi okùn aṣọ, ó fa gèlè tí màmá fẹ́ wé lọ sí ìdúpẹ́ ìkórè wálẹ̀, ó sì jẹ etí rẹ̀ wúruwùru. Inú bí màmá. Lójú Bísọ́lá, ìyàwó ọmọ rẹ̀, lójú Ìyá Gbémisọ́lá tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn, ó nàka sí ẹṣin: "Irú ẹran wo lèyí? A ò lè pa á jẹ, a ò lè fún wàrà rẹ̀ mu. Kí Ọlọ́run bá mi gbé e kúrò lójú mi, kó má bá wa dé Kérésì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lónìí tíí ṣe Mọ́ńdè, ẹṣin wà nílẹ̀.

Nígbà tí màmá wà lọ́mọdé ní Egbe, obìnrin kan wà ládùúgbò wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́pà. Ewúrẹ́ orogún rẹ̀ jẹ ẹ̀pà tó sá sóòrùn. Obìnrin náà bínú, ó ní ewúrẹ́ náà kò ní bí tinú ẹ̀ láyọ̀. Kò pẹ́, ewúrẹ́ kú toyún-toyún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rán ọmọ sí i mọ́. Bó bá wọ ọjà, aláboyún á yà fún un. Àjẹ́ ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi sin ín. Bẹ́ẹ̀, màmá tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ ẹ̀pà sísun mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ obìnrin náà ju inú fùfù lọ.

Òun náà wá rèé. Opó ni, eyín iwájú ti lọ, ó ń dá sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bó bá ń gbálẹ̀. Bí ẹṣin yìí bá kú, ta ni yóò gbà pé èébú lásán ni òun bú u?

"Ìyàwó!" ó figbe ta. "Ìyàwó o! Sáré wá!"

Bísọ́lá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ń múra àtilọ sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. Ó rí ẹṣin, ó ní, "Jésù," ó sì ti ń pe Kọ́ládé, ọkọ rẹ̀, lórí fóònù. Kọ́ládé wà ní Òmùò láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ó lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete nínú fóònù.

"Ó ti ṣu láàárọ̀ yìí?"

Bísọ́lá wo ilẹ̀ yíká. "Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ má jẹ́ kó yíràá o! Màámi ńkọ́? Ṣé Màámi wà níbẹ̀?"

Kí ló dé tó fi ń bèèrè mi, ni màmá rò.

Kò tíì pẹ́ tí Dókítà Olúkáyọ̀dé, oníṣègùn ẹran tí Kọ́ládé ké sí, fi pè wọ́n láti Adó. Ó ní inú ló ń run ẹṣin. Ó ní bó bá ń yíràá, ìfun rẹ̀ lè lọ́ pọ̀, bí ìfun bá sì lọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kí wọ́n gbé e dìde, kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun jẹ, kí wọ́n máa mú un rìn títí òun yóò fi dé.

"Bó bá ti ṣu, a ti bọ́," ni dókítà sọ.

"Èmi ni n ó mú un rìn," ni màmá wí.

Bísọ́lá wò ó. Láti ọjọ́ tí Kọ́ládé ti mú ẹṣin yìí wá láti Ìlọrin sí ilẹ̀ wọn yìí, lójú ọ̀nà tó ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Ìṣẹ́, màmá kò fọwọ́ kan okùn rẹ̀ rí. Òun ló tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ láìmọ̀. Gbogbo ilé ń wá orúkọ, màmá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Àlejò ni, yóò lọ." Orúkọ náà bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Àtigbé e dìde kò rọrùn. Màmá fa okùn níwájú, Bísọ́lá tì í lẹ́yìn, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sì ti kún fún ẹrẹ̀. Àlejò kọ̀ jálẹ̀. Kòkànmí ló sáré wá gbó mọ́ ọn létí, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ gé e ní pátákò jẹ, ni ẹṣin bá fò dìde. Ajá kejì, Jẹ́nsinmi, sùn sídìí ògiri, ó la ojú kan, ó tún pa á dé.

"Ìwọ yẹn, o kàn ń jẹun wa lásán," Bísọ́lá sọ fún un.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Láti etí kànga dé ìdí igi kòkó, kí wọ́n tún padà. Àpáta Ìkẹ́rẹ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú kùrukùru lókèèrè, màmá kò rí i. Ilẹ̀ ló ń wò, ó sì ń gbàdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí n di ẹni tí wọ́n ń yà fún. Má jẹ́ kí ọmọ mi máa wò mí bákan. Bí Àlejò bá ti fẹ́ tẹ orúnkún, Kòkànmí á ti dé, á gbó, ẹṣin á tún gbésẹ̀.

Ìyá Gbémisọ́lá ló kọ́kọ́ yọ lójú ọgbà. Kò kí màmá dáadáa. Ẹni tó máa ń kí èèyàn títí dé orí adìyẹ, ó kàn ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì sọ ojú sílẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ni màmá rò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Joshua, díákónì ìjọ wọn, dé. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú sáyà bí ẹni tó dúró síbi òkú. Fẹ́yìsayọ̀ aránṣọ náà dé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn díákónì. Wọ́n kàn ń wò.

Ẹ máa wò, màmá sọ nínú ara rẹ̀. Ó yí ojú sí ẹṣin kó má baà rí wọn mọ́. Ìgbà yẹn ló rí i pé irun ìpéǹpéjú Àlejò gùn bíi ti ọmọge, omi sì wà níbẹ̀.

"Rọra," ó sọ fún un. "Má dùbúlẹ̀ o. Bó o bá dùbúlẹ̀, n ò lágbára àtigbé ẹ mọ́. Orúnkún ń dun èmi náà, ṣé o rí i? A jọ ń rìn ín ni."

Dókítà dé nínú ọkọ̀ tí erùpẹ̀ bò. Ọkùnrin kúkúrú ni, kò jókòó, kò mu omi. Ó fi ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà sétí, ó gbé e sí ìhà ọ̀tún ẹṣin, ó gbé e sí tòsì.

"Kí ló jẹ lánàá?"

"Koríko," ni Bísọ́lá wí. "Àti ọkà bàbà díẹ̀."

"Ẹ tún rò ó dáadáa. Inú yìí kún, ó sì le."

Màmá rí Ìyá Gbémisọ́lá tó la ẹnu, tó tún pa á dé. Wàyí ni yóò sọ ọ́, ni màmá rò. Yóò ní, ẹ bi Màmá Kọ́ládé léèrè ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ní Sátidé.

Ìyá Gbémisọ́lá ká ọwọ́ lérí. "Ẹ dárí jì mí o! Èmi ni mo pa á! Èèpo uṣu mi ni!"

"Kí lẹ wí?" ni dókítà bèèrè.

"A gúnyán fáwọn àlejò ìkórè lánàá. Uṣu pọ̀ jọjọ. Mo bá gbé èèpo ẹ̀ wá fún un, bàsíà kan báyìí. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń mirí, inú mi dùn. Mi ò mọ̀ pé mò ń pa á!" Ẹkún ti gbà á lẹ́nu.

Bàbá Joshua wúkọ́. Ó ní, "Ìyá Gbémi, dákẹ́ ná. Kì í ṣe tìẹ nìkan. Èmi náà gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá lẹ́yìn ìsìn."

"Apẹ̀rẹ̀ wo?" Ìyá Gbémisọ́lá mẹ́kún dúró.

"Apẹ̀rẹ̀ ńlá."

"Tèmi kún báàfù," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí láti ẹ̀yìn díákónì. "Báàfù tí mo fi ń fọṣọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é níhìn-ín láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹni tó bá gúnyán kì í da èèpo nù, ilé tó bá ní ẹran ni yóò gbé e lọ. Ẹran Màmá Kọ́ládé tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ a jẹ èyí tó bá wù ú, a fi ìyókù tẹ́ ibùsùn. Àná wá jẹ́ ọjọ́ ìkórè. Kò sí odó kan ní gbogbo ìjọ tí kò dún, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ibi tó ń gbé èèpo lọ.

Dókítà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Kò ṣeé ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Odindi ìjọ gúnyán, ẹṣin kan ló jẹ èèpo! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé, ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò gbà jáde."

Ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ihò imú rẹ̀ títí dé inú, ó sì da omi àti òróró gba ibẹ̀. Màmá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹṣin mú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, kò sì rántí àwọn tó wà lójú ọgbà. "Ó ku díẹ̀," ó ń wí. "Ó ku díẹ̀, jàre, ọmọ dáadáa."

Ni wọ́n bá tún ń rìn. Oòrùn ti mú. Ní báyìí, gbogbo àwọn ará àdúgbò ti wọ inú ọgbà, wọ́n tò tẹ̀ lé ẹṣin bí ẹni tó ń sin ìyàwó relé ọkọ. Bàbá Joshua ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Gbémisọ́lá ní, "Díákónì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ jáde kétí Ọlọ́run lè gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé sọ jáde nínú àdúrà."

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Òun náà ló dá a!"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí ní etí kànga, Àlejò dúró. Màmá fa okùn, kò lọ. Ẹ̀rù ba màmá, ó rò pé ó fẹ́ ṣubú. Àmọ́ ìrù ni ẹṣin gbé sókè. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ jáde, ó gùn bí fèrè, Jẹ́nsinmi fò dìde lójú oorun ó sì sá. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ bọ́, ọ̀kan, èkejì, ó ń dún pọ̀ pọ̀ pọ̀ lórí ilẹ̀, èèpo iṣu sì ń yọjú nínú rẹ̀.

Igbe sọ. Bàbá Joshua dé fìlà padà sórí, ó ní, "Àmín!" Fẹ́yìsayọ̀ dì mọ́ dókítà, ojú tì í, ó fi í sílẹ̀. Bísọ́lá ń pariwo sínú fóònù: "Ó ti ṣu! Mo ní ó ti ṣu! Ó pọ̀, ó pọ̀ gan-an ni!" Wọ́n sì gbọ́ Kọ́ládé láti Òmùò tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Màmá jókòó sẹ́nu kànga, okùn lọ́wọ́. Bísọ́lá wá jókòó tì í.

"Màámi, ojú yín pọ́n láàárọ̀ yìí. Mo rò pé mo ti gbé."

"Ìwọ kẹ̀? Kí lo ṣe?"

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn lánàá, gbogbo wọn. Mo rí bàsíà, mo rí báàfù, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ mọ̀. Mo ń retí ìgbà tẹ́ ẹ máa sọ fún ọmọ yín."

Màmá wò ó. Ó wo Bàbá Joshua tó ń nu òógùn, ó wo Fẹ́yìsayọ̀. Ìyá Gbémisọ́lá ń bọ̀ wá, ó ń fi ìdí gèlè nu ojú.

"Ìyá Gbémi," ni màmá pè é. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Sátidé yẹn..."

"Ọ̀rọ̀ wo, Màmá Kọ́ládé?"

Ó ń wò ó lójú. Kò sí àrékérekè kankan nínú ojú náà, omijé àti erùpẹ̀ nìkan ni. Kò rántí. Kò tiẹ̀ rántí.

"Kò sí nǹkan kan," ni màmá wí.

Nǹkan kan tú lọ́rùn rẹ̀ títí dé èjìká, ó sì jẹ́ kó tú.

Dókítà ń kó ẹrù rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Ó ní ó ti tó, kí wọ́n so ẹṣin síbi ibòòji, kí wọ́n fún un lómi, kí màmá lọ na ẹ̀yìn. Bísọ́lá nawọ́ gba okùn. Màmá kò fún un. Ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá a yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí, ó sì ń mú Àlejò lọ sí ìdí igi kòkó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.