Òróró Tí Salome Ń Dà Nù

Bẹ́árìn, irin tó ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀rọ yí, tún há lára ẹ̀rọ tí Salome fi ń fún epo pupa ní Erinje. Ó gbóná títí ó fi ń rùn, ẹ̀rọ sì dúró nígbà tí ẹyìn sísè ṣì kún inú àgbá. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Inú bí i débi pé kò lè jókòó.

"Philemon, ìwọ lo ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́," ó wí fún mẹkáníìkì rẹ̀.

"Màmá, mo fi gírísì sí i dáadáa."

"Gírísì wo? Èyí tó gbẹ bí iṣu sísun yìí?"

Philemon kó sípánà rẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Salome gbé ike gírísì náà, ó di ọ̀dọ̀ Kingsley tó ń tà á ní Okitipupa.

"Ayédèrú lo tà fún mi," ó wí, kò tilẹ̀ kí i. "Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ni òróró ń léfòó lójú rẹ̀."

"Kí lẹ wá ṣe sí òróró náà?"

"Mo dà á nù. Ṣebí èérí ni."

Kingsley mí kanlẹ̀. Ó ṣí ike tuntun. Òróró wà lójú òun náà. Ó ki igi bọ̀ ọ́, ó rò ó bí ẹni ń ro púpurú, ọkà ẹ̀gẹ́, títí òróró fi wọlé padà.

"Màmá, òróró yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ki yìí kàn ń dì í mú ni, bíi kànìnkànìn tó mu omi. Bí bẹ́árìn bá tẹ̀ ẹ́, á tu díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá sinmi, á tún fa díẹ̀ padà. Ẹ̀yin da òróró nù, ẹ wá ń fi gbígbẹ rẹ̀ sí ẹ̀rọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Salome kò rí ẹni bá jà mọ́, ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú rẹ̀. Ó pe Philemon, kò gbé e. Ó tún pè, ó ti pa fóònù.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi òòlù gbá bẹ́árìn tuntun tó rà wọlé, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Nígbà tí ẹ̀rọ máa fi yí, ẹyìn ti kan. Oníbàárà tó ti Àjàgbà wá ṣí kẹ́ẹ̀gì epo náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra dé e padà, kò sì rà á.

Lọ́jọ́ kejì, Salome bá Philemon níbi tó ti ń fọ ọ̀kadà.

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ẹjọ́ rẹ kọ́."

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó wí, kò gbójú sókè. Ó ń fọ táyà rẹ̀ lọ.