Àtíòro Inú Àpótí Fíríìjì

"A ò gbọ́!"

Ọkọ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ọmọ lórí itan. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa, ó gbé ìwé sókè, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà onímọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀dá inú igbó..."

"A ò tíì gbọ́ o! Àbí ṣe lo máa lọ sọ ọ́ sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Ká sòótọ́, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ń jókòó sábẹ́ igi láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kì í fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn, ohùn tirẹ̀ náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́. Àtíòro, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn yẹn, tó bá gbọ́ pìn-ín báyìí, akọ á gbé oúnjẹ tó ń gbé bọ̀ wá fún abo padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ làwọn tó ń ṣọ́ wọn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá di ẹ̀ṣẹ́, abo ṣì wà nínú ihò nìyẹn. Tí wọ́n bá la àtẹ́lẹwọ́, ó ti jáde. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó yìí níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ro ó. Nílé pàápàá, ọwọ́ ló fi ń bèèrè iyọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni wọ́n fẹ́ kó wá lò báyìí. Àpérò àgbáyé ti àwọn onímọ̀ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó ti pè é pé kó wá sọ̀rọ̀ nípa àpótí rẹ̀. Àwọn ló máa sanwó bàlúù rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe àpótí ọ̀hún. Àwọn agégi ti gé gbogbo igi ńlá inú igbó tán, àtíòro ò rí ihò yé sí mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń fi títún fíríìjì ṣe jẹun, ló gbọ́ ọ títí lọ́jọ́ kan, tó ní, "Ṣebí ilé tí oòrùn ò ní mú ni wọ́n ń wá?" Ló bá tú fíríìjì kan tó ti kú pátápátá, ó yọ fóòmù inú rẹ̀, ó fi pákó bò ó, wọ́n bá lọ gbé e kọ́ sórí igi. Ẹyẹ kankan ò yà síbẹ̀ fún ọdún méjì. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n fẹ́ fún ẹyẹ lómi tútù mu. Lọ́dún yìí ni abo kan wọlé, tó fi ẹrẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà dí mọ́ ara rẹ̀, bí àtíòro ti máa ń ṣe, tó wá ku ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tí akọ ń gbà fún un lóúnjẹ. Ṣé ó máa jáde láàyè, ṣé àwọn ọmọ máa yè? Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀.

"Kò síbi tó ń lọ," ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. Màmá ń ká aṣọ ọmọ lórí àga, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Mo ti sọ tèmi. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, tí kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìyá ẹ̀ fẹ́ wọ bàlúù lọ sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Ẹyẹ ò lẹ́nu ni?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, Màmá."

"Ọ̀sẹ̀ kan lójú ìwọ. Lójú ọmọ, ọdún kan ni."

Ọkọ rẹ̀ dá sí i. "Màmá, èmi ò wà níbẹ̀ ni?"

"Ìwọ? Ìwọ tó ò ń wá ìbọ̀sẹ̀ kiri lánàá, tó sì wà lẹ́sẹ̀ ẹ? Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín."

Wúyẹ́wúyẹ́ ká ìwé rẹ̀, ó gba ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára gan-an. Èyí tó sì dùn ún jù níbẹ̀ ni pé kò dá a lójú pé irọ́ ni Màmá ń pa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ṣíbí kan ọmọ yẹn lẹ́nu, ṣe ló máa ń pa ètè dé bí ẹni ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ pè é sí ọ́fíìsì. Ó bá Ẹlẹ́ja níbẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣèwádìí ẹja odò, tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó sùn ní òdìkejì odò.

"Jókòó," ni Ọ̀gá wí. "Mo ti bá ẹ rò ó. Ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílẹ̀. Ohùn ẹ náà... má bínú sí mi o, ẹni tó bá jókòó sí ìlà kejì ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹlẹ́ja á bá ẹ kà á fún wọn. Orúkọ ẹ̀ ni mo máa fi ránṣẹ́ lọ́la."

"Má mikàn rárá," ni Ẹlẹ́ja wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti ń fi dánra wò. Ẹ gbọ́: ÀTÍÒRO!" Ife orí tábìlì gbọ̀n. "Ṣé ẹ rí i? Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi ẹ́. Èwo ló ń wọnú àpótí nínú wọn ná, akọ ni àbí abo?"

Inú bí Wúyẹ́wúyẹ́ débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Kò tiẹ̀ mọ ìgbà tó di ẹ̀ṣẹ́ lórí tábìlì. Ọ̀gá, tóun náà ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣọ́ ẹyẹ lábẹ́ igi, wo ẹ̀ṣẹ́ náà, ó sì mi orí pẹ̀lú àánú.

"Ó yé mi. O ṣì wà nínú ihò. Kò burú, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí."

Wúyẹ́wúyẹ́ fẹ́ sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn kọ̀, kò jáde. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì jáde.

Nígbà tó délé, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọkọ rẹ̀ sáré dìde, ó ní kí ló dé, ìyàwó sì ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀.

"Ẹni tó ń wo ẹja ni wọ́n ní kó lọ sọ̀rọ̀ ẹyẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tí kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Háà! Ìwà wo nìyẹn? Mo ní kó o má lọ, lóòótọ́. Mi ò ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ fún ẹlòmíì." Màmá pòṣé. "Lọ́la, màá tẹ̀ lé ẹ lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹyẹ tó ń bá mi du ìyàwó."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni wọ́n gba inú igbó lọ, Màmá pọn ọmọ sẹ́yìn. Aṣọ́gbó, bàbá àgbàlagbà tó máa ń bá Wúyẹ́wúyẹ́ ṣọ́ àpótí, ti wà nídìí igi. Ó di ẹ̀ṣẹ́ sí wọn. Wúyẹ́wúyẹ́ fi ìka kan ètè kó lè rán Màmá létí, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí kò dákẹ́ rí láyé ẹ̀ la fẹ́ kọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ẹ kú ewu ẹ̀fọn!"

Akọ àtíòro tó ti ń bọ̀ pẹ̀lú èso lẹ́nu yí padà lójú ọ̀run. Àyà Wúyẹ́wúyẹ́ já. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó sì rọra jókòó sórí gbòǹgbò.

Wọ́n jókòó títí. Nígbà tó yá, akọ padà wá. Ó bà sẹ́nu àpótí, ó ń ti èso bọ ojú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fò lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Ó ti rù. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti re.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti inú àpótí: kó, kó, kó. Ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà sán. Èyí tó tóbi já bọ́ lulẹ̀. Ẹnu gígùn kan yọ, orí tẹ̀ lé e, abo sì fa ara rẹ̀ títí ó fi bọ́ síta, ìrù rẹ̀ wó, ìyẹ́ rẹ̀ rí játijàti. Ó di ẹ̀ka mú. Ó gbọn ara. Ó ṣubú díẹ̀, ọkàn gbogbo wọn fò, ìyẹ́ rẹ̀ bá gbá afẹ́fẹ́, ó sì ń lọ!

Aṣọ́gbó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ náà la tirẹ̀. Wọ́n ti ṣe é. Àpótí fíríìjì ti ṣe é.

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ. Ẹnu kéékèèké ń yọ níbi tí abo ti jáde, wọ́n ń lẹ ẹrẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Kí lèyí?" Màmá náà wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àwọn ọmọ ni. Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ara wọn padà. Wọ́n ti dàgbà, oúnjẹ tí bàbá wọn nìkan ń wá ò tó wọn mọ́. Ìyá wọn náà ń lọ wá kún un."

"Ó máa padà wá?"

"Á padà wá, Màmá. Ojoojúmọ́ láá máa padà wá."

Ọmọ jí lẹ́yìn Màmá, ó ń fọwọ́ ra ojú. Màmá tú u sílẹ̀, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan nínú báàgì, ó fi ṣíbí rún un. Ọmọ ń wo ẹyẹ, ó ya ẹnu sílẹ̀. Màmá fi ṣíbí sí i. Ó tu ti àkọ́kọ́ dànù. Ó gbé ìkejì mì. Ó tún ya ẹnu.

Màmá wo ṣíbí, ó wo ọmọ, ó wo orí igi. Ó kọjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì la àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì, Màmá ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ kíákíá. Wúyẹ́wúyẹ́ pè é.

"Ọ̀gá, abo ti jáde. Èmi ni mò ń lọ."

"Kí lo wí? Mi ò gbọ́."

"Ìdí igi kọ́ la wà mọ́ o," ni Màmá wí. "Sọ ọ́ sókè!"

Ó mí kanlẹ̀.

"ABO TI JÁDE! ÈMI NI MÒ Ń LỌ! Ẹ̀ṣẹ́ tí mo dì lánàá, ìbínú ni, sà!"

Ọlọ́kadà tó ń kọjá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí tó fi húkọ́.

"Mo ti gbọ́. Ẹlẹ́ja náà gbọ́, odò ló sì wà. Orúkọ ẹ ni mo ń fi ránṣẹ́ báyìí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ jókòó sílé ìdáná pẹ̀lú ọmọ àti ṣíbí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lára àwọn méjèèjì. Màmá wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn pa.

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀!" ló wí láti inú lọ́hùn-ún. "Ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà."

Wúyẹ́wúyẹ́ gbé ìwé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò nílò rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀yin àgbà onímọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀dá inú igbó, àtíòro kan wọ inú àpótí tí a fi fíríìjì kan tó ti kú ṣe. Ó sì ti jáde!"

Ohùn Màmá dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"A ń gbọ́!"