Ẹ Yọ Ìkẹfà Nìkan

1

…nítorí náà ni mo ṣe sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò sí rédíò kankan nínú eyín mi mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, rédíò wà níbẹ̀. Ó ń ka orúkọ mi, Lorelle Pickett, Lorelle Pickett, fún gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó wà ní èbúté ìlú wa, Townsville. Àìsàn ni. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn, rédíò panu mọ́.

Lọ́dún yìí, eyín yẹn kan náà ń dùn mí.

Ó kàn ń dùn mí ni.


2

LÓRÍ FÓÒNÙ. Èmi àti Nọ́ọ̀sì Kerryn, tó ń bójú tó àwa tí ọpọlọ wa ti ṣàìsàn rí, tí a jọ ń gbé inú Ilé.

ÈMI: Ẹ káàárọ̀ mà. Eyín ń dùn mí.

KERRYN: Èwo nínú wọn?

ÈMI: Òsì, lókè. Ìkẹfà láti iwájú.

KERRYN: Lorelle mi. Ṣé ti rédíò nù-un?

ÈMI: Òun ni. Àmọ́ kò sọ̀rọ̀.

KERRYN: Kí ló ń sọ fún ẹ?

ÈMI: Mo ní kò sọ̀rọ̀, mà. Eyín ni. Akokoro ni.

KERRYN: O ti lo oògùn àárọ̀?


3

Ohun tí oògùn mi ń ṣe:
        ó ń pa rédíò
        ó ń mú mi sanra
        ó ń mú mi sùn
        ó ń gbẹ ẹnu mi bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná

Ohun tí ẹnu gbígbẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún:
        ohun tó tutù, tó dùn. Omi ọsàn inú ìgò. Kóòkì. Àtàárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí ṣúgà ń ṣe fún eyín tí kò rí itọ́ tí yóò fọ̀ ọ́:
        kò sẹ́ni tó sọ fún wa


4

Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ tí mo fi dàgbà, eyín ọkùnrin tí ọmọbìnrin máa fẹ́ gbọ́dọ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó máa ń ga. Ó máa ń ní màlúù àti ilẹ̀ tí ojú kò lè wò tán. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin á di ògiri mú kó má baà ṣubú.

Enosa kò ga. Erékùṣù Mer ni wọ́n ti bí i, kò ní màlúù, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú Ilé. Gbogbo eyín òkè rẹ̀ ni wọ́n yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tí ẹ̀rín bá ń bọ̀, ó máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo ti di ògiri mú nítorí ọwọ́ yẹn.


5

LÁBẸ́ IGI MÁŃGÒRÒ, Ẹ̀YÌNKÙLÉ ILÉ

ENOSA: Eléjìí.

ÈMI: Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

ENOSA: Ìwọ. Àlàfo iwájú eyín ẹ yẹn. Tó o bá rẹ́rìn-ín, ó dà bíi kéèyàn ṣílẹ̀kùn díẹ̀ kó fi yọjú wo àlejò.

ÈMI: Ti ìyá mi ni. Ohun tí mo fi jọ wọ́n kò ju ìyẹn lọ.

ENOSA: (ó já máńgòrò kíkan, ó gé e, ó bu iyọ̀ lé e) Gbà. Bá mi jẹ ẹ́.

ÈMI: Ìwọ ò lẹ́nu ni?

ENOSA: Mo lẹ́nu, mi ò leyín. Nílé wa, èyí tó bá ti rọ̀, tàdán ni. Kíkan ni tèèyàn. Jẹ ẹ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń dún.

ÈMI: Orí ẹ ti dàrú.

ENOSA: Ìwé ti wà lọ́wọ́ ìjọba lórí ìyẹn.

(Apá ọ̀tún ni mo fi jẹ ẹ́. Ó dún. Ojú rẹ̀ là.)

ENOSA: Ì bá ṣe pé mo leyín, ǹ bá ti fẹnu kò ẹ́ lẹ́nu.

ÈMI: Ṣé mo ní kó o gé mi jẹ ni?


6

Ohun tí Nọ́ọ̀sì Kerryn kọ sínú fáìlì mi, lójú mi: "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ eyín. Ẹ fi kún oògùn rẹ̀."


7

Wọ́n fi kún un.

Mo sùn. Mo jí. Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Mo mu Kóòkì. Mo sùn.

Nígbà míì mo máa ń tẹ́tí sí eyín náà, kó lè dá mi lójú. Mo bi í pé ṣé kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Kò dáhùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, nítorí mi ò fẹ́ fi ẹ̀sùn kan Nọ́ọ̀sì Kerryn lórí irọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú ni ara mi balẹ̀.

Rédíò kì í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú.


8

ILÉ ÌTỌ́JÚ EYÍN. Dókítà Prowse, obìnrin, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó yí àga ká. Nọ́ọ̀sì Kerryn dúró tì mí.

DÓKÍTÀ: Ṣé ó máa ń fọ eyín?

KERRYN: Nígbà míì.

ÈMI: Lójoojúmọ́.

DÓKÍTÀ: Ṣé ó lè jókòó jẹ́ẹ́?

ÈMI: Mo ti jókòó jẹ́ẹ́ látìgbà tí mo ti dé, mà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń rìn.

KERRYN: Lorelle!

DÓKÍTÀ: Ó lẹ́nu o.

KERRYN: Ó ní ìtàn kan nípa eyín yẹn, Dókítà. Ó ní rédíò wà nínú ẹ̀.

ÈMI: Lọ́dún tó kọjá!

(Dókítà tan iná sí ẹnu mi. Ó wò ó bí ẹni tó ń yọjú wo kànga tí kò fẹ́ kó sínú rẹ̀.)

DÓKÍTÀ: Ká kúkú yọ gbogbo ti òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Lábẹ́ abẹ́rẹ́ oorun. Àwọn tó ń ti Ilé yín wá kì í padà wá.

ÈMI: Ẹyọ kan ló ń dùn mí.

DÓKÍTÀ: (sí Kerryn) Ọjọ́bọ̀.


9

ÀKÍYÈSÍ FÚN ALÁÌSÀN

Kí ó má jẹun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
Kí ó wọ aṣọ tí kò há.
Kí ẹni tó ń bójú tó o bá a wá.
Tí kò bá wá, orúkọ rẹ̀ yóò padà sí ìsàlẹ̀ ìwé àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú.
Eyín tí a ó yọ: GBOGBO TI ÒKÈ.

                (Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ tèmi: *Èjí ìyá mi ńkọ́?*)


10

Bó ṣe máa ń rí nínú ìwé ìfẹ́: ọkùnrin náà á já ilẹ̀kùn. Òjò á máa rọ̀ sí i lára. Á gbé ọmọbìnrin náà sórí ẹṣin, wọn ò sì ní bi ọmọbìnrin náà bóyá ó fẹ́ gùn ún.

Bó ṣe rí: kò sẹ́ṣin. Enosa kan ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó dúró títí mo fi ní kó wọlé. Ó jókòó sórí ilẹ̀.

"Wò ó," ló wí. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó la ẹnu.

Mo wò ó. Èrìgì pupa, tó ń dán, bíi ti ọmọ jòjòló.

"Wọ́n ní tí ojú ẹ̀ bá ti san, àwọn máa ṣe eyín àtọwọ́dá fún mi. Mo lọ béèrè. Wọ́n ní kí n máa retí. Mò ń retí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ síwèé, wọ́n ní báyìí ló rọrùn jù. Mi ò béèrè pé fún ta ni."

"Èmi máa béèrè."

"Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, Eléjìí."

"Mo gbọ́."

"Tó o bá gbọ́, kí lo wá ń wò mí báyìí fún?"

Mo fẹnu kò ó lẹ́nu. Kò gé mi jẹ.


11

Ohun tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìfẹ́: èrìgì rọ̀ ju eyín lọ.


12

ỌJỌ́BỌ̀. Mo wà lórí àga tó ń nà gbalaja. Pẹ́ẹ̀nì wà lọ́wọ́ Dókítà Prowse. Nọ́ọ̀sì Kerryn gbé fáìlì mi mọ́yà. Enosa, tí ẹnikẹ́ni kò pè, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀ àti máńgòrò nínú àpò ṣòkòtò.

DÓKÍTÀ: Fọwọ́ sí i níbí. A ó gún ẹ lábẹ́rẹ́, o ò ní mọ nǹkan kan.

ÈMI: Ohun tí mi ò fẹ́ gan-an nìyẹn, mà. Mo fẹ́ mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò wọn.

KERRYN: Lorelle mi, ẹ̀rù ló ń bà ẹ́.

ÈMI: Ó ń bà mí. Ẹ ya fọ́tò.

(Wọ́n yà á. Eyín mi yọ lára ògiri, wọ́n funfun nínú òkùnkùn, bí àwọn èèyàn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.)

ÈMI: Ẹ bá mi ka ohun tó wà níbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ìkẹfà lósì ti kú. Ọyún wà ní gbòǹgbò ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

(Nọ́ọ̀sì Kerryn wolẹ̀.)

ÈMI: Ìyókù?

DÓKÍTÀ: Mẹ́ta ní ihò kéékèèké. Wọ́n ṣeé dí.

ÈMI: Ìyókù?

DÓKÍTÀ: Ìyókù dára.

ÈMI: Ti iwájú ńkọ́? Èjí mi?

DÓKÍTÀ: Mo ní ìyókù dára.

ENOSA: Èmi náà ti rí i, mi ò sì kàwé dókítà.

DÓKÍTÀ: Ta ni tọ̀hún?

ENOSA: Ọ̀kan nínú àwọn tí kì í padà wá ni, mà. Mo padà wá nígbà òjò, torí eyín àtọwọ́dá mi. Mo padà wá nígbà òtútù. Mo tún dé. Ẹ kú iṣẹ́ o.

KERRYN: Enosa, jọ̀ọ́, lọ síta.

ENOSA: Ìta náà ni mo wà, Àǹtí. Ẹnu ọ̀nà ni.

DÓKÍTÀ: Gbọ́, Lorelle. Tí a bá ní ká dí ihò, wíwá ni wàá máa wá. Yàrá abẹ́rẹ́ oorun wà fún wa lónìí. Tí o ò bá fọwọ́ sí i, ìsàlẹ̀ ìwé lò ń padà sí, pẹ̀lú akokoro ẹ.

ÈMI: Ẹ kọ "ìkẹfà." Màá fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

DÓKÍTÀ: Báyìí ló rọrùn jù.

ÈMI: Fún ta ni?


13

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á: nínú gbogbo abala tí mo tò sókè yìí, ìkẹfà nìkan ló jẹrà. Ẹ padà lọ wò ó.

Ẹ yọ òun.

Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi, títí kan abala kìíní, tí rédíò wà nínú rẹ̀. Tèmi ni wọ́n.


14

Eyín tí a ó yọ: ______________

Nọ́ọ̀sì Kerryn ti ṣí fáìlì mi. Ó ti dé ojú ewé tó ti ní kí wọ́n fi kún oògùn mi. Pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ wà lókè ọ̀rọ̀ tó kọ, kò tíì kàn án.

Pẹ́ẹ̀nì dókítà wà lókè àlàfo, kò tíì kàn án.

Lẹ́nu ọ̀nà, Enosa ń gé máńgòrò. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń dún.

Akokoro ń lù kì, kì, kì, bí ọkàn kejì.

Wọ́n ní, "La ẹnu."

Mo pa á dé.