Ẹni tí Yóò Tẹ Bíréèkì

"Ìwọ adìyẹ yìí," ni Ìyá Mukuka wí láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tó kọjú sí ògiri, "bá mi bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn bóyá ọkọ̀ náà á lè gbéra lọ́la, àbí kí n lọ wá bọ́ọ̀sì wọ̀."

Adìyẹ náà ń ṣa àgbàdo jẹ. Kò gbé orí sókè.

"Adìyẹ," ni Ng'andwe dáhùn lórí ìkúnlẹ̀, òun náà kọ ẹ̀yìn sí ìyá, "sọ fún Ìyá pé á gbéra. Ṣáàfù iwájú nìkan ni mo fẹ́ pààrọ̀."

"Ohun tó sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn," ni ìyá wí fún adìyẹ, ó sì wọlé.

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nìyí láti ìgbà tí wọ́n ti sin Mukuka, ìyàwó Ng'andwe. Nílẹ̀ wọn, ọkùnrin kì í wo ìyá ìyàwó rẹ̀ lójú, kì í sì í jẹun níwájú rẹ̀, títí di ọjọ́ tí àwọn àna bá pè é, tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ti Ng'andwe kàn ń sún síwájú ni. Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́, iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ní ibi ìwakùsà kò jẹ́ kó lè lọ. Nígbà tó ráyè, bàbá ìyàwó rẹ̀ kú. Lẹ́yìn náà Mukuka á máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ṣé ìyá mi ń sá lọ ni?" Mukuka fúnra rẹ̀ ló wá lọ. Bí ìyá bá padà sí Mpika lọ́la láìṣe é, ta ni yóò tún pe Ng'andwe? Yóò kàn di ọkùnrin kan tó fẹ́ ọmọ wọn nígbà kan rí.

Mukuka ló ni Kòrólà àtijọ́ náà, òun ló fi ń kó ẹja lọ sí ọjà Luanshya. Kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń dún kọ-kọ-kọ bí wọ́n bá ti yí sítíárìn rẹ̀. Rọ́bà tó bo ẹnu ṣáàfù, irin tó ń yí táyà iwájú, ti ya, gírísì sì ti ta sí gbogbo inú táyà. Ng'andwe ti ra ṣáàfù tuntun, ó wà ní pálọ̀ nínú páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń rí nǹkan mìíràn ṣe. Lónìí, kò rí àwáwí kankan mọ́. Òjò ti ń ṣú, ìyá sì ti di irúgbìn ẹ̀pà rẹ̀ sínú àpò.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà ni ìṣòro. Kí ó tó lè tú, táyà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó sínú ọkọ̀ kó tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ Mukuka nìyẹn. Á tẹ̀ ẹ́, á máa kọrin, á tún yọ orí síta pé, "Kò tíì tú? Ṣé agbára ti tán lára awakùsà ni?" Chisulo aládùúgbò sì ti lọ sí Ndola. Ng'andwe wọ ilé ìdáná, ó mú omorogùn tó tóbi jù, ó fi ti bíréèkì mọ́ ìjókòó. Ó ki sípánà bọ nọ́ọ̀tì, ó fi páìpù gígùn kún un, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Omorogùn náà kán gbà! Ng'andwe fi ìdí balẹ̀.

Ìyá Mukuka sáré jáde. Ó rí igi tó dá sí méjì, ó sì gbàgbé adìyẹ.

"Ng'andwe! Omorogùn ọmọ mi!"

Ng'andwe fi ọwọ́ bo ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Igi múbáńgà líle ni! Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo fà á lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ wá sílé rẹ. Ìwọ wá gbé e ti ọkọ̀!"

"Mi ò rí ẹni tó máa tẹ bíréèkì ni, Ìyá."

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀?"

Bó ti bi í tán ló ti mọ̀. Kò dúró gba èsì. Ó ṣa igi méjèèjì, ó tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà, ó gbọn ọwọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ìyá, ẹ má ṣèyọnu..."

"Àbí adìyẹ ló máa tẹ̀ ẹ́?"

Ó jókòó. Ìjókòó náà ṣì wà bí Mukuka ti fi í sílẹ̀, ó sún mọ́ sítíárìn tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún Ng'andwe kò lè gba ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá bọ́ sórí bíréèkì gẹ́lẹ́. Òun náà rí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sítíárìn.

"Ọmọ kúkúrú," ló wí. "Èmi náà ló jọ."

"Ó máa ń ní èmi ni mo ga jù."

"Ẹnu rẹ̀ gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, jàre."

Ng'andwe ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé kò yẹ kí òun rín in níwájú rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Ìyá."

"Mo tẹ̀ ẹ́ tí orúnkún mi ń ké! Ṣé ìwọ ni kò tíì jẹun ni?"

Ng'andwe tún fi gbogbo ara tẹ páìpù. Nọ́ọ̀tì náà han, ó sì tú.

Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ táyà, ó tú irin ìsàlẹ̀, ó fi òòlù lu ẹnu ṣáàfù títí ó fi yọ. Nígbà tó fi ọ̀pá irin yọ ìdí kejì, òróró gíà dà sínú bàsíà.

"Bàsíà ta nìyẹn?" ni ìyá bi í lábẹ́ igi máńgòrò.

"Tèmi ni, Ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ṣáàfù tuntun kọ́kọ́ ṣe agídí, lẹ́yìn náà ó dún kọ́, ó wọlé. Nígbà tí táyà tún balẹ̀, ìyá ti wà nínú ọkọ̀ kí Ng'andwe tó ya ẹnu. Ó tẹ bíréèkì, ọkùnrin náà sì dè nọ́ọ̀tì náà le.

Ng'andwe rò pé ìyá yóò gbé oúnjẹ òun sórí àpótí ẹ̀yìn ilé, kan ilẹ̀kùn, kó sì lọ, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, abọ́ nshima kan, tùwó àgbàdo wọn, ló gbé wá, pẹ̀lú ewé elégédé tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Fọwọ́."

"Ìyá, wọn ò tíì pè mí."

"Ta ló kù tó máa pè ọ́? Èmi ni mo pè ọ́ yìí. Ààbọ̀ omorogùn ni mo fi rò ó, ó ní kókó. Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá bu òkèlè kan, ó dúró dè é. Ng'andwe fọwọ́, ó bu tirẹ̀ nínú abọ́ kan náà. Ó ní kókó lóòótọ́. Wọ́n jẹ ẹ́ tán.

"Ta ló máa wakọ̀ lọ́la?" ni ìyá bi í.

"Èmi ni, Ìyá."

"Pẹ̀lú orúnkún yẹn?" Àwọn méjèèjì wo ìjókòó náà. Ìyá kó abọ́. "Oko ẹ̀pà mi tóbi. Ẹnì kan ò lè gbìn ín tán. Kó aṣọ oko dání."

Nígbà tí ìyá wọlé, Ng'andwe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó wá irin abẹ́ ìjókòó kàn. Irin náà ti le. Ó fà á, ó sì rọra ti ìjókòó náà sẹ́yìn.