Igba Ebè Kí Olúwa Tó Dé

Ọ̀wẹ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Sidonie tó di ìyàwó Clément. Ní Idigny tí wọ́n ń gbé, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ẹni yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sóko, wọn yóò kọ igba ebè iṣu fún bàbá ìyàwó, ọdún mẹ́ta léraléra. Clément ti kọ ti ọdún kìn-ín-ní, ó ti kọ ti ìkejì. Sidonie sì ti ń fi ìka ka oṣù.

Àfi bí Pierre bàbá rẹ̀ ṣe ní òun kò ní dáko iṣu lọ́dún yìí.

"Kí la fẹ́ fi iṣu ṣe? Olúwa ń bọ̀ ní Sátidé tó máa parí oṣù kejì."

Pierre kì í ṣe wèrè o. Alàgbà ìjọ ni, ó sì mọ ìṣirò. Ìjọba ti gba ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, dẹlẹgé, aṣojú ìjọba ní abúlé, ń pe pásítọ̀ ní kámáráàdì bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, rédíò sì ń sọ lójoojúmọ́ pé ayé àtijọ́ ti dópin. Pierre kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn wòlíì rí, ó fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, ó rò ó, ó yọ ọ́, Sátidé yẹn náà ló ń já sí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ijó ló ń jó lọ sí balùwẹ̀.

"Clément ńkọ́, Bàbá?"

"Clément yóò bá wa lọ. Wọn kì í gbéyàwó lọ́hùn-ún."

Sidonie bú sẹ́kún. Ó fẹ́ràn Olúwa dáadáa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn Clément náà, ó sì wù ú kí ti Clément ṣáájú. Kí ni Olúwa ń kánjú sí gan-an?

Ojú Pierre kò ríran mọ́ bíi tàtijọ́, Sidonie ló máa ń ka Ìwé Mímọ́ sí i létí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Sátidé náà, lábẹ́ igi máńgòrò, Pierre ní kí ó ka ibi tí wọ́n ti sọ bí ọjọ́ ìkẹyìn yóò ṣe rí. Sidonie ń fà á bí ẹni ń ka ìwé ìpẹ̀jọ́, títí ó fi dé ibi tí wọ́n ní yóò rí bí ìgbà ìkún-omi: wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń fi ọmọ fọ́kọ, títí omi fi dé. Ó tún un kà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

"Bàbá, ta ló ń gbéyàwó nínú ìjọ wa báyìí?"

Pierre ronú. "Kò sí. Gbogbo wa là ń múra."

"Ta ló ń fi ọmọ fọ́kọ?"

"Kò sí."

"Báwo ni Olúwa yóò ṣe wá? Ìwé ní títí di ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn yóò máa fi ọmọ fọ́kọ. Bàbá, ẹ má bínú, ó jọ pé ẹ̀yin lẹ dí I lọ́nà."

Pierre gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e sún mọ́ imú. Ó wo ògiri. Kò sí alàgbà tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun lòun dá Olúwa dúró.

"Ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n igba ebè kò ní fi ẹyọ kan dín. Ayé ìbáà parí lọ́la, a kì í fi ọmọ ta ọrẹ."

Ní Ọjọ́bọ̀, Clément kó ọkùnrin méjìlá wá. Dẹlẹgé tó ń kọjá lọ rò pé oko àjùmọ̀ṣe tí ìjọba ń pariwo ni wọ́n ń dá, ó kan sáárá sí wọn. Wọ́n so ìgbéyàwó ní ọjọ́ Ẹtì, Sidonie rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.

Ní Sátidé, gbogbo ìjọ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin títí oòrùn fi wọ̀ níbi tó máa ń wọ̀ sí. Wọ́n bá lọ jẹ oúnjẹ ìyàwó tó ṣẹ́kù.

Nínú gbogbo àwọn alàgbà, Pierre nìkan ló ní ebè nílẹ̀ láti ki èèbù bọ̀. Nígbà tí iṣu ta, ó ru mẹ́ta wá sílé Clément, ó bá Sidonie pẹ̀lú oyún níwájú ààrò.

"Mo ti rí ibi tí mo ti ṣi ìṣirò náà," ó ní. "Ọdún mẹ́ta géérégé ló kù kí Olúwa tó dé. Sọ fún Victorine àbúrò rẹ kí ó tètè wá ẹni tó mọ ebè kọ."