Wáìnì Pọ́ọ́kú Tí Mo Fi Ṣe Díákónì Lálejò

Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Títí di òní, mi ò tíì mọ ohun tó ṣe mí.

Díákónì Theophilus, bàbá ọmọkùnrin tí Ẹwàolúwa ọmọ mi fẹ́ fẹ́, ló ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wa ní Bódìjà. Ọmọ mi ti kìlọ̀: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ o, wọn kì í fẹ́ rí ọtí. Ilé tí wọ́n bá ti ń mutí, ọmọ wọn ò ní fẹ́ ìyàwó níbẹ̀."

"Ṣé mo jọ ọ̀mùtí lójú ẹ ni?"

Mo gba ọjà Ṣàngó lọ, mo ra ìgò wáìnì méjì, pọ́ọ́kú ni. Mo ṣebí èyí tí kò ní ọtí nínú, tí a máa ń mu níbi ìkómọ, ni. Mo tọ́ ọ wò, ó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ, ó sì ń ta mí lọ́fun. Mo ní bí pọ́ọ́kú ṣe ń rí nìyẹn. Mo gé ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn sí i, mo fún omi atalẹ̀ sí i, mo da ṣúgà àti yìnyín lé e. Ó di ohun àpọ́nlé!

Nígbà tí wọ́n dé, Díákónì mu kọ́ọ̀bù kìíní, wọ́n mu ìkejì. Nígbà tó di ìkẹta, ẹ̀rín ń pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti fọwọ́ sí i, ká mú ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Mo sáré wọ kíṣìnì lọ bu sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ka ara ìgò: ọtí ni, ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Yéè! Ta ló rán mi níṣẹ́? Bí mo bá sọ ọ́, ìgbéyàwó ọmọ mi forí ṣánpọ́n. Bí mi ò bá sọ ọ́, mo ti fún díákónì lọ́tí nílé ara mi. Mo gbé ìgò, mo gbé e sílẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mu èyí tó kù fúnra mi.

Nígbà tó yá, mo gbé ìgò náà jáde sí wọn. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọtí ni o. Mi ò mọ̀."

Wọ́n gba ìgò, wọ́n kà á. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "A jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ sí i, ọtí ni." Wọ́n dìde. "Mo ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Omi ni kí ẹ fún mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ẹwàolúwa ò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé omi kalẹ̀. Wọ́n mu ún tán, wọ́n wò mí títí.

"Ọjọ́ kejìlá náà ni," ni wọ́n wí. Wọ́n tún yẹ inú kọ́ọ̀bù wò. "Ṣùgbọ́n, ìyá ìyàwó, omi yìí ò ní ọ̀pẹ̀yìnbó."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.