Ife Ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, nínú kíṣìnì mi, níbi tó ti ń fi ṣíbí ro tíì tí kò tíì fi ṣúgà sí.

Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ṣe ń to rọ́bọ́ọ̀tì. Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún un, pẹ̀lú tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan tó máa ń kùn bí oyin. Ọ̀gá àgbà ti kìlọ̀ fún un pé bí wọn ò bá gba ife kankan bọ̀ níbi ìdíje ọdún yìí, àwọn àga tó ti kán ni wọ́n máa kó síbẹ̀. Ó sì fẹ́ràn yàrá yẹn ju ilé tó ń gbé lọ.

Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́pa ló ń de irin àti táyà. Ọ̀rọ̀bọ̀ ló ń mójú tó wáyà àti bátìrì. Ìbéèrè, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló ń kọ àṣẹ tí rọ́bọ́ọ̀tì máa tẹ̀ lé sínú kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri fún wọn pé: MÁ DÚRÓ DÌGBÀ TÍ WỌ́N BÁ BẸ̀ Ọ́ KÓ O TÓ RAN ẸGBẸ́ RẸ LỌ́WỌ́.

“Àǹtí, wọ́n gbà mí gbọ́,” ó ní. “Ìyẹn gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀.”

Rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan la tábìlì gígùn kọjá. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ó ń fì sápá òsì díẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i. Wọ́n fi í síná kí bátìrì rẹ̀ lè kún, wọ́n sì lọ jẹun.

Lẹ́pa yọ́ padà wá, ó fi táyà tó tóbi díẹ̀ rọ́pò ti òsì. Lẹ́yìn tó lọ tán, Ọ̀rọ̀bọ̀ wọlé, ó fi kún agbára tó ń yí táyà òsì yẹn kan náà. Ìbéèrè ló dé kẹ́yìn, ó kọ ọ́ sínú àṣẹ pé kí rọ́bọ́ọ̀tì máa yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Olúkúlùkù fẹ́ fi ya àwọn tó kù lẹ́nu ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì.

Níbi ìdíje, rọ́bọ́ọ̀tì gbéra, ó yà sọ́tùn-ún, ó ń yà lọ, ó yí po, ó padà wá bá àwọn tó rán an níṣẹ́, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níwájú wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Adájọ́ kan, ìyá onígíláàsì, bi wọ́n pé: “Ta ló fa èyí nínú yín?”

“Èmi ni,” àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n yíjú síra wọn.

“Ìwọ kẹ̀? Kí lo fọwọ́ kàn?”

“Ìwọ ńkọ́, Ọ̀rọ̀bọ̀, ta ló pè ọ́ sí i?”

Adájọ́ ò gbọ́ ìyẹn, omijé ló ń nù. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń ṣe adájọ́, òun ò rí àwọn ọmọ tí kò ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn báyìí rí. Bí wọ́n ṣe gba ife ìfọwọ́sowọ́pọ̀ nìyẹn.

“Sà,” Ìbéèrè sọ fún olùkọ́ létí, “a ò fọwọ́ sowọ́ pọ̀ o. Kálukú ló ń dá tiẹ̀ ṣe. Ṣé ká sọ fún wọn?”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò ná,” ni olùkọ́ wí.

“Ẹnu ẹ!” ni Lẹ́pa wí. “Wọ́n ń fún wa ní nǹkan, o tún ń béèrè!”

Ìbéèrè lọ bá adájọ́, ó sì ṣàlàyé. Ìyá náà gbá a mọ́ra. “Ẹ wo ọmọ! Ó tún fẹ́ dá ẹ̀bi gbogbo wọn rù!” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Nígbà tí wọ́n padà sílé-ìwé, ọ̀gá àgbà gbé ife náà sí ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó ní yàrá ti di ti olùkọ́ títí ayé, ó sì ní kó wá kọ́ àwọn olùkọ́ tó kù ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀.

“Kí lẹ máa sọ fún wọn, sà?” Ìbéèrè béèrè.

“Ohun tá a ṣe.”

“Ohun tá a ṣe gan-an?”

“Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó àga tó ti kán wá síbí ni?”

“Rárá, sà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ wa ni.”

Ìbéèrè gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?” ni olùkọ́ béèrè. “O máa wá, àbí?”

“Ife ti wà nílẹ̀, sà.”

Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó sáré tẹ̀ lé e. Ó ní ọ̀gá àgbà ń pe òun láti wá ya fọ́tò mìíràn, àti pé ojú fèrèsé lòun wà tóun ti rí i tó gba ẹnu ọ̀nà jáde, tí kò bojú wẹ̀yìn.